Ọ̀sẹ̀ Tí Iná Kò Lọ

Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ni mo fi ń rántí ilé wa ní Bẹyẹrúnká lọ́dún náà. Kì í ṣe òórùn gọ́tà o. Gọ́tà wa ní òórùn tirẹ̀, a sì ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Bó bá ti ń rùn, a ó fi ìgbálẹ̀ àti omi ọṣẹ lé e lọ sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Èyí tí mò ń wí yìí máa ń rọra wọlé ni. Á bá èèyàn nídìí oúnjẹ, á tún lẹ̀ mọ́ aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Títí dòní, bí mo bá fọ́ ẹyin tí kò dára, àbúrò mi ni ọkàn mi á kọ́kọ́ lọ bá.

Àbúrò mi ọkùnrin yìí ló ta takisí rẹ̀, ó fi ra ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ Bẹyẹrúnká, tí kò mọ odò kankan ju Kúdẹtì lọ! Àwọn àna rẹ̀ létí ọ̀sà, lápá Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n fi iṣẹ́ náà hàn án. Wọ́n ní àwọn ọmọ ilé ìwé wà lódì kejì omi, kò sì sí ọkọ̀ gidi tó ń gbé wọn lówùúrọ̀. Gbogbo ohun tó ní láyé ló kó lé e. Ó ra ọkọ̀ náà tòun ti yàrá kékeré tó wà lórí rẹ̀, ó wá ku iná. Ó fẹ́ gílóòbù fún ìdájí, ó fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi kúrò nísàlẹ̀ ọkọ̀, ó sì fẹ́ fìríìjì kékeré tí ìyàwó rẹ̀ yóò fi máa ta omi tútù. Bátìrì ti wà nílẹ̀. Ṣájà tí yóò máa kún bátìrì náà ní èbúté, àti ìnfátà tí yóò sọ iná inú rẹ̀ di irú èyí tí à ń lò nílé, ló ní kí n wá bá òun yàn, nítorí ó mọ̀ pé ẹnu mi mú lọ́jà.

Ṣọ́ọ̀bù kan la lọ lápá Bẹẹrẹ, ẹlẹ́rìn-ín ọkùnrin kan ló ni ín. Ọ̀rọ̀ ìnfátà kò pẹ́ rárá. Èyí tí ara rẹ̀ dì dáadáa la mú, nítorí omi. Ṣájà ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ọkùnrin náà gbé méjì síwájú wa. Ọ̀kan kéré, kò tóbi ju páálí ṣúgà lọ, kì í sì yára, ṣùgbọ́n bí bátìrì bá ti kún, òun fúnra rẹ̀ á dáwọ́ dúró. Èkejì tóbi, ó pupa, ó ní fáànù lẹ́yìn, kíákíá ló sì máa ń kún bátìrì. Àmọ́ kò mọ ìgbà tó tó. Ẹni tó ni ín ló gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Mo ní èyí tó ń dá dúró ni ká mú. Àbúrò mi kò gbọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára èyí tó pupa. Ọlọ́jà wá bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, Ìbàdàn la wà. Ẹ má da ara yín láàmú, àwọn oníná á bá yín yọ ọ́."

Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Ká sòótọ́, nígbà wo ni iná dúró rí ládùúgbò wa tí bátìrì kan yóò fi kún àkúnjù? Àbúrò mi gbé èyí tó pupa lé èjìká, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé.

Kó tó kó ẹrù náà lọ sójú omi, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò nílé, bí yóò ṣe wà nínú ọkọ̀ gan-an. Ó ní kí káfíńtà kan àpótí fún bátìrì. Ohun méjì péré ni ọmọ orí ilẹ̀ máa ń bẹ̀rù lórí omi, olè àti omi fúnra rẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì dínà mọ́. Ó fi rọ́bà táyà àlòkù yí etí ìdérí po, ó fi gọ́ọ̀mù dí ihò tí wáyà gbà wọlé, ó fi àgádágodo tì í. Abẹ́ ìjókòó àwọn ọmọ ilé ìwé ni àpótí náà yóò wà. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ kò wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ki ṣájà bọ ara ògiri lọ́jọ́ Ajé.

Iná kò lọ.

Ìwọ náà mọ bí ilé wa ṣe rí, o mọ̀ pé iná kì í dúró gbọ́ àlàáfíà wa. Lọ́sẹ̀ yẹn ó dúró. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, à ń lọ aṣọ, à ń kó ẹja sí fìríìjì. Ọjọ́rú, àwọn èèyàn ti ń bi ara wọn bóyá àlejò ńlá kan ló wọ̀lú. Mo bi àbúrò mi bóyá bátìrì rẹ̀ kò tíì yó, ó ní ta ló ń yọ nǹkan lára ògiri nígbà tí iná wà, bó bá lọ ńkọ́, ta ló mọ ìgbà tí yóò dé? Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn. Inú wa ń dùn. Mo máa ń rò ó báyìí pé ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ̀rù ti bà wá.

Ọjọ́bọ̀ ni òórùn náà dé. Mo fọ gọ́tà, àwọn ará ilé kejì náà fọ tiwọn. Nígbà tí ilẹ̀ Jímọ̀ fi máa mọ́, ó ti le sí i, ó ń ta èèyàn lọ́fun. Àbúrò mi nìkan ni kò gbọ́ ọ. Ó ní àlá là ń lá. Ó ti sùn tì í títí imú rẹ̀ fi gbà á mọ́ra.

Ìyá wa, Alhaja tí sùúrù rẹ̀ kò ju ẹ̀kún ṣíbí lọ, ló kọjú ọ̀rọ̀ sí ìyá ẹlẹ́yin. Obìnrin Aládùúrà yìí ló ń gbé yàrá iwájú lọ́dọ̀ wa, ẹyin ló ń tà, kíréètì ló kún yàrá rẹ̀. Màmá dúró lọ́ọ̀dẹ̀, wọ́n ní ẹnìkan ń kó ẹyin tó ti bàjẹ́ pa mọ́ nínú ilé yìí, kó lè rí i dà pọ̀ mọ́ tuntun.

"Ẹni tí nǹkan rẹ̀ ò bá bàjẹ́, kó ṣí i ká rí i."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Obìnrin náà wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ó gbé abọ́ ńlá kan sáàrin àgbàlá, ó gbé kíréètì kan jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹyin ọjà rẹ̀. Ó ń fọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. A bẹ̀ ẹ́ títí, ó ń fọ́ ọ lọ. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí kíréètì náà fi tán, oòrùn ń tàn sórí ẹyin nínú abọ́, pupa wọn dúró digbí, kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Òórùn náà sì wà láàrin wa síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Nígbà tí a ṣì ń bínú sí ẹyin, ó kéré tán a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ojú ti màmá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò sọ ọ́. Wọ́n ní kí n fọn iná sí ìkòkò tùràrí, pé ohunkóhun tó bá wà nínú ilé náà yóò jáde. Wọ́n da tùràrí lé ẹyinná, wọ́n ń gbé e láti yàrá dé yàrá, bí wọ́n ti máa ń ṣe ní gbogbo Jímọ̀. Ẹnu ọ̀nà àbúrò mi ló kẹ́yìn, ibẹ̀ ni òórùn ti le jù. Bí àbúrò mi ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ nìyẹn. Ó bá gbogbo wa lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ìyá ẹlẹ́yin náà dúró, ó ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún ẹyin. Àbúrò mi gba ìkòkò iná lọ́wọ́ màmá, nítorí ọmọ gidi kì í wo ìyá rẹ̀ kó máa ru iná. Ó wọlé tòun ti iná náà, ó lóṣòó ti àpótí, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò.

"Ẹ wá wò ó, Màámi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ó ṣí i.

Ìró náà kò gùn rárá. Ó dún bí ìgbà tí ìjì bá gbá ilẹ̀kùn dé, eruku àjà dà lé wa lórí, màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àbúrò mi fi orúnkún wọ́ jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Omi inú bátìrì ló dà sí i lójú, ó ń jó o. Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, ìyá ẹlẹ́yin ti di ọrùn rẹ̀ mú, ó ti fà á dé ìdí dúrọ́ọ̀mù, ó ń bu omi lé e lójú, ó ń bù ú láìdúró, títí a fi rí ọkọ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ojú ọ̀tún lọ. Dókítà ní omi tí ìyá ẹlẹ́yin bù lé e ló gba tòsì là. Afẹ́fẹ́ tí bátìrì tó kún àkúnjù ń yọ ni òórùn tí à ń lé kiri, àpótí náà há a mọ́, iná tùràrí ló sì ràn án.

Mo rò pé yóò sunkún ojú rẹ̀. Nígbà tí mo jókòó tì í, tí báńdéèjì yí orí rẹ̀ po, ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i, ó sì bi mí léèrè jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mélòó ló lè jókòó sórí àpótí yẹn?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ọ̀rẹ́ mi. Mo rí wọn lójú mi, tàwọn ti báàgì wọn, tí wọ́n tò lórí ìdérí.

N kò bá ọlọ́jà ìjọ́sí jà. Àwàdà tí gbogbo ìlú ń dá lòun náà dá. Àwa la fi ohun tó ń pọ́n wa lójú, iná tó ń lọ ṣáá, ṣe olùṣọ́ ara wa, ó sì pẹ́ débi pé a gbàgbé pé ìyà ni. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí ìyà náà fi wá sílẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn tó ń ṣọ́ wa.

Ó ń gbé àwọn ọmọ náà kọjá omi báyìí, pẹ̀lú ojú kan. Ṣájà kékeré ló ń lò, ẹ̀yìn ọkọ̀ níta gbangba ni àpótí wà, ó sì ti lu ihò sí i lára yíká. Láàárọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ lọ gbóòórùn, nítorí àbúrò mi kò gbẹ́kẹ̀ lé imú tirẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ á sì dúró lórí iyanrìn títí obìnrin náà yóò fi juwọ́ sí wọn. Ní tiwa ní Bẹyẹrúnká, bí iná bá dé, a máa ń hó bíi gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ọjọ́ kejì tí kò lọ, màmá á sọ látorí ẹní wọn pé iná yìí mà pẹ́ o. Ìyá ẹlẹ́yin á dáhùn láti yàrá iwájú pé òun náà ti ṣàkíyèsí. A ó sì dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó lọ yọ ohun tó wà lára ògiri.