Báàjì Tó Wà Lára Ìkọ́

Àbúrò bàbá mi kú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀gá ibi iṣẹ́ wa ti lẹ ìkéde mọ́ ògiri: "Òṣìṣẹ́ takuntakun kan ti lọ." Báàjì olóògbé ṣì rọ̀ lára ìkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkéde náà. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo máa ń jókòó sí láti gba àlejò, ojú mi ò kúrò lára rẹ̀.

Bọ̀dá Oníná là ń pè é nílé. Iṣẹ́ òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n yin iná lésà, ìmọ́lẹ̀ tó mú bí abẹ, lu irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́; irin náà á di ooru tó ki, ká tó ṣẹ́jú, ó ti parẹ́. Ta ló máa ki ọwọ́ bọ irú ooru bẹ́ẹ̀? Ìtànṣán tó ń jáde lára rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń wo egungun nílé ìwòsàn, ni Bọ̀dá máa ń fi òkúta dídán yà sí ìlà-ìlà.

"Ìyá kékeré," bó ṣe ń pè mí nìyẹn, á ní, "ìlà tó bá tàn jù ló ń sọ bó ṣe gbóná tó. Bí ìlà bá sanra, ó ki nìyẹn. Iná kì í purọ́, àfi èèyàn."

Báàjì ló ń ka ìtànṣán tó bá wọ ara òṣìṣẹ́. Bó bá kọjá ààlà, dandan ni kí onítọ̀hún sinmi. Nítorí náà ni ọ̀gá ṣe máa ń dúró níwájú mi, tí á máa rẹ́rìn-ín: "Ẹ fi báàjì yín kọ́ síta, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí báàjì bá sinmi, iṣẹ́ ò ní sinmi."

"Ọ̀gá," Bọ̀dá dáhùn lọ́jọ́ kan, "ẹ jẹ́ kí báàjì wọlé, kí èmi rọ̀ sára ìkọ́." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá sì fi báàjì rẹ̀ kọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè wọn ooru ohun tí kò tó orí abẹ́rẹ́, kí ló dé tẹ́ ò lè wọn ohun tó ń wọ àyà ẹni tó dúró tì í?

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀gá wá kí wa nílé. Ó sọ fún ìyàwó Bọ̀dá pé, "Màmá, mo yẹ báàjì rẹ̀ wò. Ó mọ́ tónítóní."

Lóòótọ́ ni. Ìkọ́ ló wọ̀ ọ́, ara ìkọ́ sì le.

Mi ò sọ pé ìtànṣán ló fa àrùn náà. Dókítà pàápàá ò lè sọ, torí ọ̀gá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọn ìtànṣán tó wọ ara rẹ̀. Ṣé torí kó má baà ṣeé sọ ni?

Àwọn tó kù ṣì ń wọlé lónìí, báàjì wọn wà níwájú mi. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ẹ bi ọ̀gá lójú gbogbo wọn pé ta ló pàṣẹ kí báàjì máa wà níta. Kí òun fúnra rẹ̀ sì padà sílé wa, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún opó náà pé ìkọ́ lòun yẹ̀ wò, kì í ṣe ọkọ rẹ̀.