Ìlà Mọ́kàndínlógún Lẹ́yìn Kàlẹ́ńdà

Òórùn igi tó ń gbóná ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀ Sátidé, kí n tó gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Bàbá mi á ti jí, á ti da èédú pupa sínú páìpù sàlẹ́ńsà ọkọ̀ kan tó so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Á wá mú pátákó fẹ́lẹ́ tó ti rẹ sómi láti àná, á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin gbígbóná náà díẹ̀díẹ̀, títí igi á fi gbà láti tẹ̀. Òórùn yẹn kì í ṣe ti èéfín, kì í sì í ṣe ti oúnjẹ. Ó jọ ti aṣọ tútù tí wọ́n ń lọ. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé oorun mi ti tán, torí èmi ni n óò di ìdí kejì igi náà mú.

Ní Mile Two, Diobu, là ń gbé, nínú ilé oníyàrá méjìlá tí gbogbo wa ń fa omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Port Harcourt ní àwọn ọdún 1980 sí òkè, ẹ ó rántí òjò ibẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, á sì gbàgbé láti dá. Bàbá mi, ọmọ Ìkirè, ti ṣe káfíńtà ìjọba níbẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlá, ó ń kan àga ilé ìwé àti tábìlì ọ́fíìsì. Ọdún tí mo pé mẹ́wàá ni wọ́n dá òun àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá mi ní ká di ẹrù ká máa lọ sílé. Bàbá mi ní ká fún òun láyè díẹ̀, òun fẹ́ fi gìtá ṣe iṣẹ́ wò.

Kò kọ́ iṣẹ́ gìtá lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kó tó di pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin ará Ghana kan tó ń bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ gbé gìtá kékeré kan wá fún un pé kó bá òun tún ìdí rẹ̀ tó ya ṣe. Oṣù kan ni gìtá náà lò nílé wa. Ìdí rẹ̀ ò gbà ju ọjọ́ méjì lọ, ìyókù oṣù náà ni bàbá mi fi wọn gbogbo ara rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà fi máa gbé gìtá rẹ̀ bá ọkọ̀ lọ, tí a ò sì tún rí i mọ́, bàbá mi ti gbẹ́ àwọn igi kan sílẹ̀ tí yóò máa fi ṣe irú rẹ̀.

Àwọn igi wọ̀nyẹn ló ń pè ní ọmọṣẹ́ òun. Ọ̀kan jẹ́ mọ́ọ̀dù alápá méjì tó gbẹ́ láti ara ojú tábìlì ọ́fíìsì tó ti jẹrà, inú rẹ̀ ló ń ti igi tó bá ti tẹ̀ bọ̀, kó lè gbẹ ní àwòrán ìdí gìtá. Òmíràn jẹ́ àga kékeré tó kan ìṣó yí etí rẹ̀ ká, tó ń fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ di gìtá mọ́ títí àtè á fi mú. Èyí tó kéré jù ni ọ̀gá wọn. Igi líle tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò gùn ju láti èjìká mi dé ọrùn ọwọ́ mi lọ, ó sì fi ayùn la ojú mọ́kàndínlógún sí i. Á gbé e lé ọrùn gìtá tuntun, ayùn á gba ojú wọ̀nyẹn kọjá, á gé ibi tí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí onígìtá ń tẹ okùn mọ́ máa jókòó sí. Bí ọ̀kan bá fi ìwọ̀n okùn òwú yẹ̀, orin á daru. Bàbá mi ò mọ ìṣirò tí wọ́n fi ń pín ojú náà. Ohun tó wà lára igi yẹn nìkan ló mọ̀.

"Àwọn ọmọṣẹ́ tèmi kì í jẹun," ló máa ń wí, "wọn kì í sá lọ, wọn kì í sì í bá mi jiyàn." Á wá wo apá ọ̀dọ̀ mi bó ti ń parí ọ̀rọ̀ náà, torí èmi ń jẹun, mo sì ń jiyàn.

Mama Ibiso, ará Okrika tó ń yan ẹja lẹ́yìn ilé wa, ló bá a wá iṣẹ́ gidi àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó fi orúkọ mi pe bàbá mi, ó ní, "Papa Abeke, my brother say make you do four before harvest. If e sweet, other church go come." Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi ní ó tó. Gbogbo wa la mọ ohun tó rọ̀ mọ́ gìtá mẹ́rin yẹn. Bí wọ́n bá yọrí, bàbá mi á di ẹni tó ń fi gìtá ṣe iṣẹ́, a ó sì dúró. Bí wọn ò bá yọrí, Ìkirè ló kù, níbi tí n kò mọ̀ ju ìyá àgbà lọ, tí Yorùbá tí mo ń sọ, tí Pidgin ti wọ̀ lára, yóò máa pa àwọn ọmọ àdúgbò lẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ lọ rárá.

Ìdí gìtá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti parí, ọrùn ló kù, nígbà tí òjò fi ọjọ́ mẹ́ta rọ̀ láìdúró. Ìlú tí wọ́n ti ń fọ epo ni à ń gbé, síbẹ̀ kò sí kẹrosíìnì láti rà. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, bàbá mi ti jáde lọ ra àtè ní ọjà Mile One. Ìyá mi ní kí n dáná kí n gbé omi ògì kaná. Igi ìdáná ti rin, èéfín nìkan ló ń ṣe. Ojú ń ta mí, aago ilé ìwé sì ti fẹ́ẹ̀ lù. Mo gbójú sókè àjà. Ọ̀gá àwọn ọmọṣẹ́ wà níbẹ̀, ó gbẹ dáadáa, torí bàbá mi máa ń fi òróró pa á kí òjò má bàa mú un wú.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé n kò mọ ohun tó jẹ́. Irọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti mú un dání tó ìgbà ogún. Ohun tí mo rò ni pé ṣebí òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, á tún òmíràn ṣe. Lójú mi nígbà náà, kò sí ohun tí bàbá mi ṣe tí kò lè tún ṣe. Mo ṣẹ́ ẹ sí méjì lórí orúnkún mi, mo tì í bọ iná. Ó jó dáadáa. Omi hó, mo ro ògì, mo lọ sílé ìwé.

Nígbà tí mo dé, gbogbo ẹrù yàrá wa ti wà níta. Bàbá mi ti tú gbogbo rẹ̀, ó ń wá ọ̀gá àwọn ọmọṣẹ́. Ìyá mi ló rí i nígbẹ̀yìn, nígbà tó ń kó eérú: ègé dúdú kan tó ku ojú méjì lára rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀." Mo jẹ́wọ́ pé èmi ni. Mo ti múra de pàṣán, ṣùgbọ́n bàbá mi ò fọwọ́ kàn mí. Ó jókòó sórí àga oníṣòó rẹ̀, ó ní, "Ó rẹ̀ mí." Kò wí i sí ẹnikẹ́ni. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kékeré náà sì dùn mí ju pàṣán lọ.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí Choba, níbi tí yunifásítì wà, ó lọ yá gìtá akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, kó lè ti ara rẹ̀ wọn òmíràn. Inú òjò ló ti bọ̀. Gìtá náà gùn ju tiwa lọ, kò sì lè bá ìdí mẹ́rin tí a ti lẹ̀ pọ̀ mu. Ó gbé e sílẹ̀, ó ní, "Kò bá a mu." Ìyá mi gbé báàgì Ghana-must-go méjì sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn eruku inú wọn.

Báàgì yẹn ló là mí lẹ́nu. Láti ọjọ́ tí mo ti sun igi náà ni mo ti mọ ohun kan tí mi ò lè sọ. Ní ọdún tó ṣáájú, mo gbé ọ̀gá àwọn ọmọṣẹ́ ti ògiri, mo sì ti ojú rẹ̀ fi èédú fa ìlà sára ògiri náà. Mo ní àkàbà ni, mo ń fi ìka gùn ún. Bàbá mi nà mí lọ́jọ́ yẹn torí pé ògiri onílé ni, ó ní kí n fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ kí ó mọ́. N kò fọ̀ ọ́. Kàlẹ́ńdà ni mo gbé bò ó, mo lọ ṣeré. Bí mo bá wá ṣí i báyìí, ẹ̀ṣẹ̀ á di méjì.

Mo ṣí i. Ìlà mọ́kàndínlógún wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀. Bàbá mi kúnlẹ̀ níwájú ògiri, ó ń fi ìka kà wọ́n, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó kà á tán, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí." Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó ní kí n lọ mú pépà wá.

Ẹ má rò pé wàhálà tán síbẹ̀. Ìlà ọmọ kékeré ni, ó nípọn bí igi ìṣáná. Bàbá mi bi mí pé etí òkè ìlà ni ojú igi wà ni, àbí etí ìsàlẹ̀. N kò rántí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi wá a. Ó na okùn gìtá kan sórí pátákó, èmi ń ta á, òun ń di ojú, ó ń gbọ́, ó ń fi ọ̀bẹ sún àmì síwá sẹ́yìn. Bí ìka mi bá bó, á ní kí n sinmi díẹ̀, òun ò sì sinmi. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ló ń wí, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ náà ti ara rẹ̀ lẹ́yìn. Ó la ojú tuntun sára igi tuntun, ó sì gé ọrùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Èmi ni mo tẹ̀ lé e dé Okrika. Olórí akọrin gbé èkíní lé itan, ó ta á lọ sókè. Ó dúró ní ibì kan, ó padà síbẹ̀, ó tún dúró. Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Oga, this one get small catarrh for throat." Ó tún ta á, ó wá ní, "But e dey sing. Drop the four." Mo fẹ́ fò sókè, ṣùgbọ́n mo wo ojú bàbá mi, mo dúró jẹ́ẹ́. Ó sùn nínú bọ́ọ̀sì láti Okrika dé Mile Two. Nígbà tí ìyá mi bi í léèrè, ó ní, "Wọ́n gbà á," ó sì tún lọ sùn. Ìyá mi dá báàgì padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

A dúró. Ọdún púpọ̀ ni bàbá mi fi igi kejì yẹn ṣe gìtá fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ló sì ní ọ̀fìnkìn níbì kan náà. Àwọn kan ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, kò sì sọ fún ẹnìkan ibi tí ọ̀fìnkìn náà ti wá.

Bàbá mi ti sun oorun àìjí báyìí, igi náà sì wà lọ́dọ̀ mi n'Íbàdàn, níbi tí mo ti ń ránṣọ. Ẹ̀yìn ń ro mí, ojú mi ò ríran wọ ihò abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́. Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin gé pépà tí mo fi ń gé kóòtù, èyí tí ọ̀gá mi ya fún mi lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira, ó fi bo ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé jáde. Ó wò mí, kò yé e. Ó ní, "Mọ́mì, ṣebí ẹ lè ya òmíràn."

Mo wọ yàrá lọ, mo gbé igi bàbá mi lé apá mi. Kò dé ọrùn ọwọ́ mi mọ́, àárín ìgúnpá òun ọrùn ọwọ́ ló mọ. Ọmọ tó ṣẹ́ èkíní lórí orúnkún gbà pé kò sí ohun tí bàbá òun ṣe tí kò lè tún ṣe. Òótọ́ ló rò, torí bàbá rẹ̀ tún un ṣe. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ó ti rẹ bàbá rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo tẹ́ pépà tuntun sílẹ̀, mo sì pe ọmọ mi pé kó wá bá mi di ìdí kejì rẹ̀ mú.