Abọ́ Ògì tí Zulfah fi Fọ́kílífù Gbé

Wọ́n ní Zulfah, ọmọ Alhaja Àdùfẹ́ ní Amukoko, po oògùn mọ́ ògì fún ọ̀gá rẹ̀ kó tó ríṣẹ́ fọ́kílífù ní èbúté Tin Can. Ẹ gbà mí! Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò tiẹ̀ mọ ọ̀nà yáàdì yẹn. Ògì wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Oògùn ni kò sí.

Kilínà ni Zulfah níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní yáàdì ẹrù tí àwọn tírélà máa ń tò sẹ́nu géètì rẹ̀ bí ọkọ tó ń dúró de ìyàwó tó ń kun àtíkè. Bó bá ti gbálẹ̀ tán, ọ̀dọ̀ Oghenemaro ló ń lọ, bàbá ará Warri tó ń wa fọ́kílífù, ọkọ̀ kékeré tó ń fi ọwọ́ irin méjì gbé ẹrù. Nígbà tí iṣẹ́ bá dẹwọ́ ni Bàbá ń kọ́ ọ, títí ọwọ́ ọmọ náà fi dá ṣáká. Nígbà tí ẹ̀yìn wá ń dun Bàbá, tó fẹ́ padà sílé, Zulfah tọ Ọ̀gá Adéjùwọ́n lọ.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi níṣẹ́ Bàbá.”

Ọ̀gá wò ó látòkè délẹ̀. “Zulfah, obìnrin ni ẹ́ o. Bí híjáàbù bá há sẹ́nu ẹ̀rọ ńkọ́?”

Bàbá ló dá a lóhùn. “Oga, your tie long pass her hijab.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní ó dáa, kó ṣe ìdánwò. Àṣà yáàdì náà ni: wọ́n á gbé abọ́ ògì gbígbóná lé orí pákó, ẹni tuntun á fi fọ́kílífù gbé e yí yáàdì ká láì jẹ́ kó dànù. Ìdajì abọ́ ni wọ́n máa ń bù. Àmọ́ lọ́jọ́ Zulfah, Justice, tó ń wa fọ́kílífù kejì, ní kí Queen ológì bù ú kún dé etí.

“Ìdajì ni wọ́n ń bù!” Bàbá figbe ta.

“Ṣebí ó ní òun lè ṣe ti ọkùnrin?” ni Justice wí. “Full am!”

Bó ṣe dìjà nìyẹn. Àwọn awakọ̀ tírélà sọ̀ kalẹ̀ wá dá sí i. Ọ̀kan ní ayé ti bàjẹ́. Òmíràn ní ìyàwó òun tó ń wa kẹ̀kẹ́ ní ibùdókọ̀ Coconut kò tíì kọlu ẹnikẹ́ni, òun alára ló ti kọlu géètì yìí lẹ́ẹ̀mejì. Queen ní kò kan òun o, kí wọ́n ṣáà má fọ́ abọ́ òun. Zulfah jókòó sórí fọ́kílífù, kò gbójú kúrò lára abọ́. Bí ògì yìí bá dànù, ìgbálẹ̀ ni yóò máa dì mú títí.

Nígbà tí ariwo wọn rọlẹ̀, ọ̀gá ní kí Zulfah máa lọ. Ó rọra gbé e, ó gba ẹ̀yìn kọ̀nténà, ó gba orí kòtò ẹnu géètì, ó padà dé. Justice bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo pákó, ó wá ẹ̀kán ògì títí, kò rí. Ló bá ti ìka bọ abọ́. Ògì ti dì! Ibi tí wọ́n ti ń jà ló ti di ẹ̀kọ mọ́ wọn lójú. Bí wọ́n dojú abọ́ yẹn dé, ògì náà á kọ́kọ́ ronú kó tó jábọ́.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń bínú, kó lọ bá ẹnu ara rẹ̀ jà. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Zulfah ló wà ní ìjókòó Bàbá.

Èmi náà bi í léèrè níwájú ilé wọn, pé ká ní ògì yẹn ò dì ńkọ́?

Ó fa híjáàbù rẹ̀ lé èjìká, ó rẹ́rìn-ín. “Ì bá dànù díẹ̀ ni, mà. Àbí ẹ ò mọ̀ pé ti Justice náà dànù lọ́jọ́ tiẹ̀? Ìdajì abọ́ ni wọ́n bù fún un, ó dà á sórí bàtà ọ̀gá, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ lọ́jọ́ náà.”