Bọ́ọ̀lù Tí Mo Gbé Sókè Nínú Táǹkì

Mo rántí ìró omi yẹn kí n tó rí omi fúnra rẹ̀. Ó ń kùn bọ̀ nínú páìpù lókè orí mi, èmi sì wà nísàlẹ̀ táǹkì ńlá kan ní Ìgbẹ̀ìn, níbi tí kò yẹ kí omi dé lọ́jọ́ náà rárá.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń pín omi fún àdúgbò mélòó kan ní Abẹ́òkúta ni mo wà nígbà náà. Kọ̀ǹpútà ló ń darí àwọn táǹkì wa, a sì ní láti kọ òfin táǹkì kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: bí omi bá lọ sílẹ̀, kí ẹ̀rọ fa òmíràn wá, bó bá kún, kó dúró. Iṣẹ́ náà sú mi. Mo bá ṣe àwòṣe òfin kan ṣoṣo tí a lè tẹ̀ lé gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí màmá mi ṣe ń fi páànù kan tí wọ́n gé ọnà sí lára ṣe ọ̀pọ̀ àdìrẹ. Ọ̀gá mi, obìnrin ẹnjiníà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wò ó títí. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbá ò lólú, gbogbo wọn ní ń ṣe bí ọba. Ṣé àwọn táǹkì wa á gbà?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, àwòṣe mi kò ní gbàgbé táǹkì kankan. Ẹnu kúkú dùn-ún ròfọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a fẹ́ lò ó, ọ̀gá kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ táǹkì Ìgbẹ̀ìn láti orí kọ̀ǹpútà, kí n lè wọ inú rẹ̀ lọ tún wáyà kan ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ àwòṣe lé àwọn táǹkì, bí a ṣe jọ ṣètò rẹ̀; èrò wa ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n ti pa kò ní tan. Àwòṣe bá Ìgbẹ̀ìn lófìfo, ó pa àṣẹ ọ̀gá rẹ́, ó sì tan ẹ̀rọ.

Omi já lu àkàsọ̀ tí mo bá sọ̀ kalẹ̀. Mo gbìyànjú láti gùn ún, omi gbé mi ṣubú. Ẹ̀rù bà mí gan-an, nítorí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Bàbá tó ń bá wa ṣe páìpù wà lẹ́nu ihò táǹkì lókè, wọ́n ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n pariwo sí mi: "Ọ̀gá ní àwọn ń pa á, ó tún ń tanra ẹ̀ padà!"

Mo mọ ìdí rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ pé níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì kéré, kó má gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Omi ti dé orúnkún mi nígbà tí mo rí bọ́ọ̀lù rọ́bà tó ń léfòó, èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí omi ṣe ga tó. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kọjá orí mi. Kọ̀ǹpútà rò pé táǹkì ti kún. Omi dúró.

Àkàsọ̀ wá wà níwájú mi, kò sí omi lórí rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láti gùn ún, omi á padà. Ó rẹ apá mi. Nígbà tí bọ́ọ̀lù wálẹ̀ díẹ̀, páìpù tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, mo sì tún fipá gbé e sókè.

"Ọmọ mi, má jù ú sílẹ̀ o," ni bàbá ń wí. Ó pẹ́ lójú mi kí wọ́n tó ní, "Ọ̀gá ti yọ Ìgbẹ̀ìn kúrò lábẹ́ àwòṣe, wọ́n ti pa ẹ̀rọ. Máa bọ̀." N kò tètè gbà wọ́n gbọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni mo sọ bọ́ọ̀lù náà kalẹ̀, mo ń tẹ́tí sí páìpù. Nígbà tí mo jáde sínú oòrùn, mo sunkún bí ọmọdé. Ọ̀gá kò bá mi wí nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì. Wọ́n kàn ní, "Òótọ́ lo sọ. Kò gbàgbé táǹkì kankan."

Lónìí, èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú àwòṣe bẹ́ẹ̀, a sì máa ń fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí táǹkì kọ̀ọ̀kan lè kọ̀. Síbẹ̀, kí n tó tẹ̀ ẹ́ lé wọn, mo máa ń fóònù ibi kọ̀ọ̀kan láti béèrè ẹni tó wà nínú táǹkì. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. N kì í fọwọ́ kan bọ́tìnnì títí ẹni tó wà lọ́hùn-ún á fi dá mi lóhùn.