Káàdì Bàbá Lucas

Adétutù Ajíbóyè kì í pè mí ní Eunice lásán mọ́. Bí a bá pàdé lọ́nà ọjà ní Òkìtìpupa, orúkọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń pè, kò ní fo ọ̀kan: "Eunice Morìnsọ́lá Adéyẹyè, ẹ káàárọ̀ o." Bí akọ̀wé kóòtù ṣe ń pe ẹlẹ́jọ́ gan-an ni. Bẹ́ẹ̀ àdúgbò kan náà ni wọ́n ti bí wa ní Igbotako, ìyá rẹ̀ àti ìyá mi jọ ń yan púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, lórí iná kan ni, ọdún kan ṣoṣo ló sì fi jù mí lọ. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí àwa méjèèjì ń ṣe bí àjèjì síra wa. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ bi òun. Èmi ni mo mọ ìdáhùn, n kò sì fẹ́ sọ ọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí.

Ọdún 1967 ló bẹ̀rẹ̀. Adétutù ń ka ìwé ní yunifásítì ní Ìbàdàn, òun nìkan sì ni obìnrin àdúgbò wa tó dé irú ibẹ̀. Nígbà tó wálé fún ìsinmi gígùn, kánsù gbà á fún oṣù mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ìsinmi kọ́ṣẹ́. Èmi ti lo ọdún méjì níbẹ̀ ní tèmi. Ilé ìwé Mọ́dánì nìkan ni mo kà, èmi ni mo sì ń bá wọn tẹ̀wé. Mo mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà débi pé mo lè máa tẹ̀ ẹ́ kí n máa bá èèyàn jà lẹ́ẹ̀kan náà. Tábìlì mi wà lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí igi máńgòrò, atẹ́gùn ibẹ̀ dára púpọ̀.

Ọjọ́ tí Adétutù dé ni ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus Ọláìtán, tí í ṣe akọ̀wé àgbà kánsù, dúró sí àárín ọ́fíìsì tó ní, "Eunice, gbé ẹ̀rọ rẹ lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ọmọ yunifásítì nílò ìmọ́lẹ̀." Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń kó àwọn fáìlì àtijọ́ sí. Eku ló ń gbé ibẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo sì kọjú sí ṣáláńgá. Mo gbé ẹ̀rọ mi. Adétutù sáré tẹ̀ lé mi, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ ká jọ lo tábìlì náà." Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní rárá o, yàrá ẹ̀yìn tẹ́ mi lọ́rùn. N kò bá ọ̀gá jà torí pé n kò lè bá a jà; òun tó wá bẹ̀ mí ni mo bínú sí.

Oṣù kẹjọ ọdún náà ni ogun wọ Mìdíwẹ́ẹ̀sì. Àwọn ọmọ ogun Biafra rìn títí wọ́n fi dé Orè, a sì ń gbọ́ ìró ìbọn láti Òkìtìpupa. Nígbà tí ṣọ́jà ìjọba lé wọn padà, a rò pé ara yóò tù wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé igi dábùú gbogbo ọ̀nà, àwọn ará ìlú náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn àlejò ní ìwòkuwò.

Àwọn àlejò tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni àwọn Urhobo tó ń kọ ẹyìn nínú igbó ọ̀pẹ. Wọ́n ti wà lórí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa. Inú àgọ́ ni wọ́n ń gbé láàárín ọ̀pẹ, àwọn ni wọ́n ń gun ún, àwọn ni wọ́n ń fún epo tí àwọn ìyá wa ń rà. Ṣùgbọ́n Mìdíwẹ́ẹ̀sì ni ilé wọn, ibẹ̀ ni ogun sì gbà wọlé. Àwọn tó ti ń jẹ epo wọn láti ọjọ́ yìí wá ń béèrè pé ta ló mọ ẹni tí wọ́n fi pamọ́ sínú àgọ́.

Ni àṣẹ bá dé pé kí kánsù fún gbogbo àlejò ní káàdì tí orúkọ wọn, ìlú wọn àti iṣẹ́ wọn wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní káàdì kò gbọdọ̀ kọjá lọ́dọ̀ ṣọ́jà. Adétutù ni ọ̀gá rán lọ sí àwọn àgọ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kí wọn: yóò kúnlẹ̀, yóò ní "Mìgwó," àwọn àgbà yóò sì dáhùn pé "Vrẹndo." Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó ṣiṣẹ́ náà ju bí wọ́n ṣe rán an lọ. Ó bá wọn kọ lẹ́tà. Ó sin aboyún kan lọ sí dìsípẹ́ńsárì nígbà tí ọkọ obìnrin náà ń bẹ̀rù àtijáde. Ìdílé Ìkálẹ̀ kan fẹ́ lé àwọn Urhobo tó wà lórí ilẹ̀ wọn lọ kí ẹyìn orí igi lè di tiwọn. Adétutù lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn, kò dìde títí wọ́n fi yí ọ̀rọ̀ padà.

Ọjọ́ Sátidé ló lọ sí àgọ́ tó wà lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, mo sì bá a lọ torí pé ilé wa ni mo ń lọ. Bàbá Lucas ni olórí àgọ́ náà. Umukoro Edafe ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, òun ló máa ń gbé Adétutù sí èjìká kọjá odò nígbà òjò, kí aṣọ ilé ìwé rẹ̀ má baà tutù. Lucas, àkọ́bí rẹ̀, jọ wà ní kíláàsì kan pẹ̀lú mi. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ kì í fi orúkọ àgbà sẹ́nu lásán. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni à ń fi pè é, ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ á ti gbá a lẹ́nu kó tó pa ẹnu dé. Àwọn Urhobo tó ti pẹ́ láàárín wa náà ti gba àṣà yẹn.

A bá a tó jókòó lórí ìtì ọ̀pẹ, ó ń tún igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ ṣe. Adétutù kúnlẹ̀ kí i, ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ní kí n kọ orúkọ yín."

Bàbá wò ó. "Ọma mi, ṣé o ò mọ orúkọ mi ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ọwọ́ mi ni kò lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. "Kọ èyí tí ọwọ́ rẹ bá lè kọ. Ta ni kò mọ̀ mí nílẹ̀ yìí?"

Adétutù kọ ọ́: Bàbá Lucas. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún gbogbo àgbà àgọ́ náà, àwọn mọ́kànlá, Bàbá báyìí, Ìyá báyìí. Orúkọ àwọn ọ̀dọ́ nìkan ló kọ ní kíkún. Ẹ̀kọ́ ilé ni ó tẹ̀ lé, kò sí ìwà ọ̀lẹ nínú rẹ̀. Èmi náà tí mo dúró tì í, n kì bá ti lè pe Bàbá Lucas ní orúkọ rẹ̀ lójú ara rẹ̀.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ìwé rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi fún títẹ̀. Mo rí "Bàbá Lucas." Mo dáwọ́ dúró. Torí pé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, èmi fúnra mi ni mo tẹ lẹ́tà tí ọ̀gá kọ sí àwọn ṣọ́jà, níbi tó ti ṣèlérí pé orúkọ ara káàdì kọ̀ọ̀kan yóò bá ti rìsíìtì owó orí mu. Adétutù wà ní àgọ́ lọ́jọ́ náà, kò rí lẹ́tà yẹn. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí ìwé méjèèjì sọ. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín èmi àti tábìlì rẹ̀.

Òórùn ṣáláńgá ń wọlé sí mi. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé kí ọ̀gá rí i fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń fọwọ́ sí i, kó pariwo mọ́ ọmọ yunifásítì rẹ̀, bóyá màá rí tábìlì mi gbà padà. Kò sí ohun mìíràn lọ́kàn mi. Mo tẹ mọ́kọ̀ọ̀kànlá bó ṣe kọ wọ́n. Ọ̀gá fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ láìwò, ó ń mu tíì.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí i, Ìyá Lucas wọlé sí kánsù láàárọ̀, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó Lucas ti bímọ ní Ìrẹ̀lẹ̀, Bàbá sì fẹ́ lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Àwọn ṣọ́jà dá a dúró lọ́nà. Wọ́n ka káàdì, wọ́n rí Bàbá Lucas. Wọ́n ka rìsíìtì owó orí, wọ́n rí Umukoro Edafe. Bàbá ní òun ni méjèèjì. Wọ́n ní ìwé ẹlòmíràn ló gbé, wọ́n sì mú un lọ sí ilé ìwé kan tí wọ́n ti sọ di àgọ́ wọn. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀.

Adétutù wọlé lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá ní òun yóò kọ lẹ́tà, pé èsì lè dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ojora ti mú un, torí pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà lórí káàdì. Nígbà tí Adétutù jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Eunice, bá mi lọ. Èmi ni mo fà á." Mo bá a lọ. Títí a fi débẹ̀, n kò sọ ti lẹ́tà ọ̀gá fún un.

Sájẹ́ńtì tó gbà wá kì í ṣe Yorùbá. Adétutù ṣàlàyé fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé òun lòun kọ káàdì náà, pé àṣìṣe òun ni. Ó gbọ́ ọ, kò gbà á gbọ́. Ó ní kí wọ́n kó àwọn tó wà nínú kíláàsì jáde, kí ọmọbìnrin yìí fi Umukoro han òun. Wọ́n jókòó sílẹ̀ ní ìlà kan, bí ọkùnrin ogún. Bàbá wà ní ìpẹ̀kun, apá rẹ̀ ọ̀tún wú, ó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí Adétutù tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti kúnlẹ̀, ó ti kígbe, "Bàbá Lucas!"

Sájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O rí i? Ìwọ fúnra rẹ, ohun tí o pè é nìyẹn. Umukoro ń bẹ níbòmíràn."

Adétutù dìde. Kò kúnlẹ̀ mọ́. Ó na ìka sí àgbàlagbà náà, ó wò ó lójú, ó pè é bí èèyàn ṣe ń pe ọmọ tí yóò rán níṣẹ́: "Umukoro! Umukoro Edafe!"

Gbogbo àwọn tó wà nílẹ̀ yíjú sí i. Bàbá gbé orí sókè díẹ̀. "Èmi rè é," ló wí, kò wò wá. Sájẹ́ńtì mú kí Adétutù kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i, ó sì ní ká máa mú bàbá wa lọ. Nígbà tí a débi tí wọn kò ti rí wa mọ́, Adétutù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin nínú eruku, ó ń sunkún. Bàbá fi ọwọ́ òsì gbé e dìde.

Lọ́jọ́ kejì Adétutù lọ gba káàdì mẹ́wàá tó kù padà, mo tún wọn tẹ̀, mo tẹ tuntun fún Bàbá náà, ó sì tọ́jú ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ìdí ìbọn ni wọ́n fi gbá apá Bàbá, egungun rẹ̀ kò sì so dáadáa. Apá kan kò lè so igbà mọ́ ọ̀pẹ. Ọkùnrin tó ti ń gun ọ̀pẹ fún ọgbọ̀n ọdún wá ń jókòó láàárín àwọn obìnrin, ó ń ṣa ẹyìn. Gbogbo ìsinmi tí Adétutù bá wálé, yóò lọ kí i. Yóò kúnlẹ̀, Bàbá yóò dáhùn, ṣùgbọ́n Adétutù kò mọ orúkọ tí yóò pè é mọ́, kò sì pè é ní ohun kankan.

Ọdún 1970, nígbà tí ogun parí, Bàbá Lucas àti àwọn ará ilé rẹ̀ kó ẹrù wọn sínú lọ́rì, wọ́n padà sílé. Bàbá fi káàdì àtijọ́ náà lé Adétutù lọ́wọ́. Ó ní, "Nínú gbogbo ìwé tí ìjọba ti fún mi, èyí nìkan ló kọ orúkọ tí ẹ̀yin ń pè mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè gbé e kọjá ibì kankan." Lọ́rì gbéra, a kò sì rí i mọ́.

Adétutù parí ìwé rẹ̀, ó sì padà sí kánsù ní ọdún 1971, lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ àgbà. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ní kí wọ́n gbé tábìlì mi padà sẹ́bàá fèrèsé. Mo jókòó síbẹ̀ oṣù mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan ó dé, ó gbé nǹkan méjì sórí ẹ̀rọ mi. Ọ̀kan ni káàdì Bàbá Lucas. Èkejì ni ẹ̀dà lẹ́tà tí ọ̀gá kọ sí àwọn ṣọ́jà, tó rí nínú fáìlì àtijọ́. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí àwa tó ń tẹ̀wé máa ń fi àmì wa sí, lẹ́tà mẹ́ta wà níbẹ̀: E.M.A.

"Ìwọ lo tẹ lẹ́tà yìí," ó ní. "Ìwọ náà lo tẹ káàdì. Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o rí i?"

Mo lè pa irọ́. Ó fún mi láàyè láti pa á. "Mo rí i."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

N kò lè wò ó. Mo fi ọwọ́ lu tábìlì tí mo gbé ìgbọ̀nwọ́ lé. "Nítorí èyí."

Ó wo tábìlì náà, ó wo fèrèsé, ó wo igi máńgòrò níta. Ó mú káàdì, ó fi lẹ́tà sílẹ̀ fún mi.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ ṣeun, Eunice Morìnsọ́lá Adéyẹyè."