Bí Mo Ṣe Gbé Kílọ́ọ̀ṣì Ìdímù Gun Òkè

Ẹ̀gbọ́n Fálànà ló kọ́kọ́ sọ ìtàn òkè yẹn fún mi. Ó dúró sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìdímù, ó fọwọ́ lé àga máṣíìnì rẹ̀, ó ní, "Káyọ̀dé, ibi tí iṣẹ́ gbé mi lọ yìí, wọ́n ní òkè kan wà níbẹ̀ tí ewúrẹ́ máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó gùn ún tán."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ewúrẹ́ ò ní kílọ́ọ̀ṣì."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi lẹ́nu débi pé mi ò gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀lé e. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ẹnu yìí sọ láyé, òun ló yẹ kí n gbé mì.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Fálànà ń gbé ilé àyágbé ní Ẹ̀gbẹ́dá, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ló ń ṣe, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ sí apá Èkìtì. Èmi ní tèmi, òkìkí mi ti kàn dé ibùdókọ̀ Pleasure àti Command. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju àwọn mẹkáníìkì yòókù lọ o. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí wọn ò mọ̀: mo mọ bí wọ́n ṣe ń mú kílọ́ọ̀ṣì rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò gun máṣíìnì rí. Àwọn àwo pẹlẹbẹ kan wà nínú ẹ́ńjìnì, wọ́n to léra bí abọ́ ìyàwó tuntun; àwọn ni kílọ́ọ̀ṣì. Sípíríǹgì mẹ́rin ló fún wọn pọ̀. Tí wọ́n bá di ara wọn mú, agbára ẹ́ńjìnì á dé ọ̀dọ̀ táyà. Tí èèyàn bá tẹ irin ọwọ́ òsì, wọ́n á jára wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì tó bá máṣíìnì wá máa ń le, ọwọ́ a sì máa dun àwọn oníbàárà. Kí ni mo ṣe? Mo ń yọ ọ́, mo ń fi èyí tó rọ̀ sí i. Ọ̀gá Rájí tó kọ́ mi níṣẹ́ kìlọ̀ fún mi títí. Ó ní, "Káyọ̀dé, ohun tí ò bá le lọ́wọ́ ẹni, kò lè di nǹkan mú." Mo gbà pé ọjọ́ orí ló ń dà bàbá láàmú.

Ilẹ̀ ọ̀dọ̀ wa ló bò mí láṣìírí. Láti Ìdímù dé Ìkọ̀tún, ohun tó ga jù tí máṣíìnì ń gùn ni àtẹ̀gùn ẹnu géètì onílé. Kò sí ibi tí àṣìṣe mi ti lè tú.

Mo ṣe kílọ́ọ̀ṣì Ẹ̀gbọ́n Fálànà débi pé ìka kan lè tẹ̀ ẹ́. Ó dúpẹ́, ó gbàdúrà fún mi, ó lọ.

Kò pé oṣù méjì tí awakọ̀ kan mú ìwé rẹ̀ wá: "Káyọ̀dé, máṣíìnì yìí ń pariwo, kò lọ. Èéyi ti wọ abúlé kan lórí òkè. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni wọn óò kó àwọn ọmọ jọ dè mí. Jọ̀ọ́, máa bọ̀."

Mo ka ìwé náà tán, mo mi orí. Mo ní, "Áà, Ẹ̀gbọ́n ò mọ máṣíìnì gùn ni!" Mo kó sípánà díẹ̀ sínú àpò, mo wọ ṣòkòtò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ó di Èkìtì. Mo fẹ́ lọ kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń yí gíà.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, èmi ni mo jókòó síwájú. Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìn, ó gbé kúlà abẹ́rẹ́ lé itan.

Ó ní, "Yìnyín inú rẹ̀ ò lè kọjá ọ̀sán o. Tó bá yọ́, abẹ́rẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Kò sí òmíràn títí di oṣù tó ń bọ̀, èéyi ò sì ní dúró dè wá."

"Ẹ ṣá di mí mú."

Òkè náà kọ́kọ́ ń tàn wá. Nígbà tó yá ló gbé orí sókè. Ẹ́ńjìnì ń ké, táyà ń ronú. Ìyá àgbàlagbà kan tó ru igi ìdáná bá wa láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó kọjá. Ojú tì mí. Mo fún máṣíìnì ní iná, a sáré díẹ̀, a lé ìyá bá, mo tiẹ̀ juwọ́ sí i. Nígbà tí a dé kọ́nà, máṣíìnì dúró. Ẹ́ńjìnì ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè, àwa ò kúrò lójú kan. Òórùn àjóná bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ìyá tún dé. "Ẹ kú ariwo o."

Ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀. "Káyọ̀dé."

"Sà."

"Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n gùn?"

Ó ṣí kúlà. Yìnyín ò ju ìkúùkù ọmọdé lọ mọ́. Mo rí ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọ yẹn ló ń rò. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo yọ sípíríǹgì tó le, mo fi èyí tó rọ̀ sí i."

"Èyí tó le ọ̀hún dà?"

"Ó wà ní Ìdímù, sà. Nínú agolo."

Ó wo ìsàlẹ̀ òkè bí ẹni pé èèyàn lè rí Ìdímù láti ibẹ̀.

Mo ti ẹnu epo, mo gbé máṣíìnì dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ọ̀gá Rájí ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀: tí o bá gbé e dùbúlẹ̀ sápá ibẹ̀, wàá ṣí ilé kílọ́ọ̀ṣì láìda ọ́ìlì nù. Àwọn àwo náà ti dúdú, ṣùgbọ́n wọn ò tíì kú tán. Ohun tí mo nílò ni wọ́ṣà mẹ́rin, àwọn òrùka irin pẹlẹbẹ, tí màá fi há abẹ́ sípíríǹgì kó lè fún àwọn àwo pọ̀ dáadáa. Mo tú mẹ́ta lára máṣíìnì fúnra rẹ̀. Mo wá ìkẹrin títí, mo wá gbójú sókè wo ọwọ́ kúlà.

"Káyọ̀dé! O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kúlà mi!"

"Wọ́ṣà kan péré ni, sà."

Ìyá onígi ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó ń wòran. Ó tú okùn kan lára igi rẹ̀, ó jù ú sí Ẹ̀gbọ́n. "Fi so ọwọ́ àpótí rẹ, jàre. Jẹ́ kó tún ìbàjẹ́ rẹ̀ ṣe."

Nígbà tí mo dì í tán, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi tẹ kílọ́ọ̀ṣì yẹn. Ẹ̀gbọ́n so kúlà mọ́ ẹ̀yìn, òun nìkan gùn ún. Máṣíìnì mì jìgìjìgì, àwọn àwo di ara wọn mú, ó sì gbéra. A gbọ́ ìró rẹ̀ títí tó fi kọjá sókè.

Ìyá gbé ìdajì igi rẹ̀ lé mi lórí. "Ọwọ́ rẹ ṣófo, àbí?"

Mi ò jiyàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sinmi.

Kí a tó dé, ẹkún ọmọ ti gba gbogbo abúlé, kò sì sí ẹkún tó dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Yìnyín tó. Ẹ̀gbọ́n Fálànà, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó nawọ́ sí mi níṣojú gbogbo ìyá ọlọ́mọ: "Mẹkáníìkì tó ti Èkó wá nìyí. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ fi dé!"

Wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n ń wúre fún mi. Wọ́n gbé iyán tó ń rú èéfín síwájú mi, ẹran ìgbẹ́ ń yọjú nínú ọbẹ̀. Ìyá onígi jókòó sí ọ̀ọ́kán mi, ó ń wò mí láìṣẹ́jú, kò sì sọ nǹkan kan fún wọn. Ẹ̀gbọ́n kọ̀yìn sí mi, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, ebi ń pa mí, iyán ń tutù lọ, ọlọ́mọ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀: ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ óò kọ́kọ́ jẹ́wọ́, àbí ẹ óò jẹ iyán ná?