Wáyà Tó Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Iná

Màmá mi ṣì máa ń béèrè bóyá òun ti yọ áyọ́ọ̀nù. Kò sí áyọ́ọ̀nù kankan nílé wọn l'Àgọ́ Palace mọ́ láti ìgbà tí iná ti jó yàrá ẹ̀yìn, tó sì pa àbúrò mi obìnrin mọ́ ojú oorun ọ̀sán. Tí a bá ń jẹun lọ́wọ́, màmá mi á kàn dáwọ́ oúnjẹ dúró, á máa wo ogiri, mo sì máa ń mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó la ẹnu. Ó máa ń bí mi nínú. Ó tún máa ń bà mí lẹ́rù, torí nígbà mìíràn èmi náà á gbóòórùn aṣọ tó ń jó.

Inú ogiri ni iná ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì tí màmá mi ti lọ aṣọ láàárọ̀. Ohun tí àdúgbò fi dá a lẹ́bi nìyẹn, òun náà sì gbà fún wọn. Bàbá mi ò bá a wí rí. Àmọ́ kò sọ ọ́ rí pé kì í ṣe ẹ̀bi màmá mi.

Lọ́dún tó kọjá, mo bá wọn palẹ̀ sítọ́ọ̀ mọ́, mo sì rí ìyókù wáyà tí wọ́n fi fa iná mànàmáná wọ yàrá yẹn, ó ṣì wà ní kíká. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló rà á l'Óṣòdì. Mo rántí bó ṣe ń fi yangàn pé òun ná an títí ẹni tó ń tà á fi fẹ́ sunkún. Mo gbé wáyà náà sínú báàgì, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Tíṣà físíìsì ni mí nílé ẹ̀kọ́ kan ní Ìsọlọ̀. Gbogbo irin ló ń ṣe agídí sí iná tó bá fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, mo sì máa ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń wọn agídí náà. Ti kọ́pà, irin pupa tí wọ́n fi ń ṣe wáyà gidi, kéré. Wáyà tí agídí rẹ̀ bá pọ̀ jù á máa gbóná nínú ogiri, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ sílé, mo bó rọ́bà ara rẹ̀. Ó pupa dáadáa, nínú àti lóde, bíi kọ́pà gidi. Mo nà án láti igun lábù kan dé èkejì, mo wọn bó ṣe nípọn tó, mo so ó mọ́ bátìrì, mo ka mítà, mo ṣírò. Agídí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti kọ́pà. Mo bú mítà. Mo pààrọ̀ bátìrì, mo fi wáyà tuntun tó dá mi lójú wò ó: tuntun fún mi ní iye tó yẹ, ti bàbá mi ò yí padà. Ayédèrú ni. Mo fọwọ́ kàn án, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn. Mo bú sẹ́kún.

Ní Sátidé, mo bá màmá mi ní yàrá. Bàbá mi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe níwájú ilé.

"Mọ́mì, ẹ gbọ́. Kì í ṣe áyọ́ọ̀nù. Mo ti wọn wáyà tí Dádì rà yẹn ní lábù, féèkì ni. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Mo ti ń retí pé á sunkún, tàbí kó dì mọ́ mi. Ojú fèrèsé ló ń wò, níbi tí a ti ń gbọ́ bàbá mi tó ń kan irin mọ́ irin.

"O ti sọ fún dádì ẹ?"

"Rárá, mà."

"Má sọ fún un o. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi rà á. Ọmọ yẹn ló sì fẹ́ràn jù láyé. Tó bá gbọ́, ó máa kú."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Mọ́mì?"

"Èmi ti gbé ẹ̀bi yìí débí. Jẹ́ kó ṣì jẹ́ èmi."

Inú bí mi. Bàbá mi wọlé, ó ń nu ọwọ́, ó ní kí ni ìyá àti ọmọ ń sọ ní kọ̀rọ̀.

"Ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun ni," màmá mi dáhùn, kò tiẹ̀ wò mí.

Bàbá mi kọjú sí mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí.